Gbígbin Làpálàpá Sórí Ilẹ̀ Tó Ti Ṣá fún Báyódíísẹ̀lì: Láti Yíyẹ Ilẹ̀ Wò Dé Orí Epo

Làpálàpá, tí àwọn mìíràn ń pè ní bọ̀tujẹ̀, kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹ fi ẹ̀ka rẹ̀ gún ilẹ̀ olókùúta, yóò rúwé. Ọ̀dá lè mú un títí gbogbo ewé rẹ̀ yóò fi wọ́ tán, bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún jí. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé igi tí kò fẹ́ ìtọ́jú ni nìyẹn: pé kí àwọn ṣáà gbìn ín síbi tí nǹkan mìíràn kò ti hù, kí àwọn padà wá gbé òróró tí wọ́n máa sọ di báyódíísẹ̀lì, ìyẹn epo dísù tí a fi òróró igi ṣe. Igi náà yè lóòótọ́. Àmọ́ kò so.

Ní 2003, ìgbìmọ̀ ìjọba kan ní Íńdíà dábàá pé kí wọ́n gbin làpálàpá rẹpẹtẹ sórí ilẹ̀ tó ti bàjẹ́. Ní 2007, iléeṣẹ́ epo BP àti D1 Oils dáwọ́ jọ láti gbìn ín ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Nígbà tó fi máa di 2009, BP ti yọwọ́. Kì í ṣe òróró náà ló burú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ọkọ̀ òfuurufú Boeing 747 kan ti Air New Zealand fi àdàlù epo tí ìdajì rẹ̀ wá láti ara làpálàpá ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó fò, ó sì balẹ̀ láìsí wàhálà. Orí oko ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oko ló máa pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó wá kóró

Ilẹ̀ tó ti ṣá kì í ṣe oríṣi kan. Òmíràn ti gbó nítorí pé wọ́n dá a lédálé láìsinmi. Òmíràn jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọ̀gbàrá ti wọ́ ẹrùpẹ̀ òkè rẹ̀ lọ. Òmíràn kún fún òkúta wẹ́wẹ́, òmíràn jẹ́ yanrìn tí kò gba omi dúró. Làpálàpá lè bá gbogbo ìwọ̀nyí ṣe, tí ìtọ́jú bá wà. Àwọn tí kò lè bá ṣe ni àbàtà, ilẹ̀ tí omi ń dúró lé, àti amọ̀ dúdú tó máa ń wú nígbà òjò tó sì máa ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní irú ibẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí ní ibi mẹ́ta ó kéré tán lórí hẹ́kítà kan:

1. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 50. Bí ẹ bá kan àpáta kí ẹ tó dé 45, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Olú gbòǹgbò rẹ̀ kò ní rí ibi gbà kọjá, àtìlẹ́yìn tó sì ní nígbà ọ̀dá nìyẹn.

2. Ẹ bu omi kún ihò náà, ẹ jẹ́ kó fà tán, ẹ tún bu omi kún un. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ náà kò dára fún un.

3. Ẹ mú ẹrùpẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ihò, ẹ rin ín, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ gùn láàárín ìka. Bí ó bá gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ kó tó já, amọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù.

4. Ẹ wọn pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan sí. Láàárín 6 sí 8.5 ló dára. Ilẹ̀ tó kan jù, tí pH rẹ̀ kò tó 6, ní láti gba eérú tàbí ẹfun ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn.

5. Ẹ wádìí iye òjò ọdún. Igi náà lè máa mí lórí mìlímítà 300, àmọ́ kò ní so nǹkan gidi tí òjò kò bá tó 600. Láti 1,000 sí 1,500 ni ara rẹ̀ ti ń yá. Ibi tí yìnyín bá ti ń bo ilẹ̀ lóru, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú rẹ̀, nítorí pé òtútù dídì ń pa á.

Ẹ béèrè pẹ̀lú pé ta ló ń lo ilẹ̀ náà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí ìwé pè ní ahoro sábà máa ń jẹ́ ibi tí àwọn darandaran ń da ẹran sí, tàbí ibi tí àwọn obìnrin ti ń ṣẹ́gi ìdáná. Ẹran kì í jẹ ewé làpálàpá, nítorí náà bí ẹ bá gbìn ín kún ibẹ̀, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu ẹran nìyẹn. Ẹ má sì gé igbó lulẹ̀ torí rẹ̀ rárá. Gígé igbó ń tú èéfín carbon tó pọ̀ sáfẹ́fẹ́, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí epo tí ẹ máa rí tó san gbèsè yẹn.

Làpálàpá tàbí làrà?

Igi kékeré méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbèrò: làpálàpá àti làrà. Kóró làrà ní òróró ju ti làpálàpá lọ, ìdá 40 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti làpálàpá jẹ́ 30 sí 40. Làrà tún máa ń so láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Lójú, ó dà bí ẹni pé òun ló yẹ ká mú.

Ṣùgbọ́n òróró làrà ki jù. Nǹkan bí ìdá 85 sí 90 nínú rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá kan tó máa ń fa omi mọ́ra tó sì máa ń wúwo, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè yọ ìwúwo yẹn kúrò bí a bá sọ ọ́ di báyódíísẹ̀lì. Ìlànà ASTM D6751 ti Amẹ́ríkà kò gbà kí kíki báyódíísẹ̀lì kọjá 6.0, ìyẹn mm²/s lórí ìgbóná 40°C. Ti làrà nìkan máa ń tó ìlọ́po méjì iye yẹn tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. A máa ń pò ó mọ́ epo mìíràn ni. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi làpálàpá ṣe igi oko, kí ẹ gbin làrà díẹ̀ sáàárín rẹ̀ lọ́dún kìíní bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì ta òróró làrà fún àwọn tó ń ṣe ìpara àti òróró ẹ̀rọ. Iye tí wọ́n ń rà á sábà máa ń ju ti epo ọkọ̀ lọ.

Àwọn méjèèjì ní májèlé. Kóró làpálàpá díẹ̀ tó láti mú kí ọmọdé bì kó sì ya ìgbẹ́ gbuuru, ricin inú kóró làrà sì lè pa ènìyàn. Ẹ má ṣe kó wọn sínú apẹ tàbí àpò tí ẹ tún máa fi kó oúnjẹ.

Kóró tàbí ẹ̀ka?

Ẹ̀ka yá. Ẹ gé e láti ara igi tó ti lé ní ọdún kan, kó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, kó nípọn ní 2 sí 3, ẹ fi í síbi òjìji fún ọjọ́ díẹ̀ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ, kí ẹ tó gún un mọ́lẹ̀. Yóò tètè so ju ti kóró lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ̀ka kì í ní olú gbòǹgbò. Gbòǹgbò ojú ilẹ̀ nìkan ló ń yọ. Lórí ilẹ̀ tó ní omi tó, kò burú. Lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, tí ẹ̀ẹ̀rùn gùn, igi oníkóró ló máa dúró, nítorí pé ó ń ran olú gbòǹgbò kan lọ sísàlẹ̀ àti mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ lo ẹ̀ka fún ọgbà yí ká oko, kí ẹ lo kóró fún inú oko.

Ibi tí ẹ ti mú kóró ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni igi náà ti wá. Àwọn atukọ̀ Pọtogí ló gbé e gba Cape Verde wọ Áfíríkà àti Éṣíà. Ìdí nìyẹn tí èyí tó wà káàkiri ibẹ̀ fi jọra gan-an lábẹ́nú. Síbẹ̀, igi kan lè so ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po. Ẹ má ṣe mú kóró láti inú àpò àpapọ̀. Ẹ wá igi tó ti ju ọdún mẹ́ta lọ, tí èso rẹ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀ tó jọ tiyín, kí ẹ mú kóró lára rẹ̀. Kó dúdú, kó wúwo, kó má ju ọdún kan lọ.

Títọ́ ọmọ igi

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú òjò. Ẹ da kóró sínú omi tútù fún wákàtí 24, ẹ kó èyí tó bá léfòó dànù. Ẹ po ẹrùpẹ̀ òkè, yanrìn àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáadáa ní ọgbọọgba, ẹ rọ ọ́ sínú ọ̀rá dúdú tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá lè rí ẹrùpẹ̀ bíi ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan láti abẹ́ làpálàpá àgbà, ẹ dà á mọ́ ọn. Àwọn olú wẹ́wẹ́ tó ń bá gbòǹgbò gbé wà nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń ràn án lọ́wọ́ láti rí phosphorus, ọ̀kan lára oúnjẹ igi, fà lórí ilẹ̀ tí kò ní in púpọ̀.

Ẹ fi kóró kan síhìn-ín, kan sọ́hùn-ún nínú ọ̀rá, kó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 4. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá, wọn yóò hù. Ẹ fa èyí tó rẹlẹ̀ tu, kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ máa bomi rin ín bí ojú ẹrùpẹ̀ bá ti gbẹ, kì í ṣe lójoojúmọ́ dandan. Omi àbùjù ló ń pa ọmọ làpálàpá jù nínú nọ́sìrì: ìdí rẹ̀ á dúdú, á rọ̀, á sì ṣubú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ dín omi kù, kí ẹ yọ ìbòòji kúrò lórí wọn díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn mọ́ wọn lára. Tí wọ́n bá ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40, wọ́n ti tó kó lọ sóko.

Gbígbìn sóko

Àlàfo mítà 3 láàárín poro àti mítà 2 láàárín igi ni a fẹ́ràn jù lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Igi 1,667 ni yóò wà lórí hẹ́kítà kan. Mítà 2 níhà méjèèjì, tó ń fúnni ní igi 2,500, ti fún jù fún ilẹ̀ tí omi rẹ̀ kò tó. Lọ́dún kẹta, wọn yóò máa bá ara wọn du omi, èso á sì dín kù. Bí ẹ bá fẹ́ máa gbin nǹkan sáàárín wọn títí lọ, ẹ fẹ àlàfo náà sí mítà 4 tàbí 5 láàárín poro. Fún ọgbà, sẹ̀ǹtímítà 25 láàárín igi kan sí èkejì, kí poro jẹ́ méjì.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ gbin poro kó dábùú òkè. Poro tó bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà á di ojú ọ̀nà ọ̀gbàrá.

Ẹ gbẹ́ ihò kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45 níhà gbogbo, kó sì jìn tó bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ ya ẹrùpẹ̀ òkè sọ́tọ̀. Ẹ po òun nìkan mọ́ ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà, kílò 2 sí 3, kí ẹ dá a padà sínú ihò. Nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ ya ọ̀rá náà kúrò pátápátá, ẹ gbin igi kí ọrùn rẹ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fi koríko gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi. Gbogbo ìdúró igi yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti jìn tó kí òjò tó dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ẹni tó bá gbìn ín lópin òjò á padà wá gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀.

Láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà sáàárín poro. Wọ́n ń dá nitrogen padà sílẹ̀, wọ́n ń dènà koríko, owó sì ń wọlé nígbà tí igi kò tíì so. Ẹ má ṣe gbin ẹ̀gẹ́ nítòsí. Ìdílé kan náà ni òun àti làpálàpá ti wá, àrùn kan sì wà tó ń mú kí ọ̀pá ẹ̀gẹ́ gùn lójijì, tó ń rọ, tó máa ń gba ara làpálàpá bọ́ sí i.

Oúnjẹ igi: ibi tí ọ̀pọ̀ oko ti kú

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí èyí díẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan èso gbígbẹ tó bá kúrò lórí hẹ́kítà kan ń kó nitrogen tó nǹkan bí kílò 14 sí 34 lọ, phosphorus láti kílò 0.7 sí 7, àti potassium láti kílò 14 sí 32. Ilẹ̀ tó ti ṣá kò ní ìyẹn láti fúnni lọ́dọọdún. Lọ́dún kẹta tàbí ìkẹrin, èso á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, ewé á máa pọ́n ṣáájú àkókò, àgbẹ̀ á sì sọ pé igi náà ni kò dára.

Òróró fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àwọn nǹkan wọ̀nyí nínú. Inú afẹ́fẹ́ àti omi ni igi ti rí ohun tó fi ṣe òróró. Èyí tó pọ̀ jù nínú nitrogen, phosphorus àti potassium tó kúrò lóko wà nínú èèpo èso àti nínú ìṣẹ́kù tó bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ lẹ́yìn tí a ti fún kóró. Ìṣẹ́kù yìí ní nitrogen tó ìdá 3 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì tún ní phosphorus àti potassium. Ó dára ju ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ ẹran lọ. Bí òróró nìkan bá ń jáde kúrò lóko, tí èèpo àti ìṣẹ́kù ń padà sídìí igi, ilẹ̀ náà á máa gbèrú. Bí ẹ bá ta kóró lódindi, ẹ ti ta ilẹ̀ yín mọ́ ọn, ẹ sì gbọ́dọ̀ ra ajílẹ̀ tó bá a dọ́gba.

Bí a ṣe ń ṣe é: ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò lọ́dọọdún, ẹ bu ìṣẹ́kù kílò 1 àti ìgbẹ́ ẹran kílò 2 sídìí igi kọ̀ọ̀kan tó ti so rí, ẹ fi yí igi ká ní abẹ́ ibi tí etí ẹ̀ka rẹ̀ dé, ẹ fi ọkọ́ bò ó mọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ìṣẹ́kù tó wà lójú ilẹ̀ lè fa adìẹ àti ewúrẹ́, májèlé inú kóró sì wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ ẹran rárá. Nínú ilẹ̀, májèlé yẹn á bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má dà á lé ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n irúgbìn sí, nítorí pé bí ó bá pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí kóró hù.

Rírẹ́ ọwọ́ igi

Orí ẹ̀ka ni òdòdó ti ń yọ. Ìyẹn ni pé iye ẹ̀ka ni iye ìdì èso. Igi tí a kò rẹ́ á kàn ga ni, ìdì mélòó kan á wà lókè níbi tí ọwọ́ kò tó.

Nígbà tí igi bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45, ẹ gé orí rẹ̀. Lópin ọdún kìíní, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewé ti wọ́, ẹ rẹ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kù sí ìdajì tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ máa lépa ẹ̀ka tó ń yọ òdòdó bíi 25 lẹ́yìn rírẹ́ yìí, kó di 35 sí 40 lópin ọdún kejì. Lẹ́yìn náà, lọ́dọọdún, ẹ kàn yọ èyí tó gbẹ, èyí tó kọlu ara wọn àti èyí tó ga kọjá ibi tí ọwọ́ lè dé. Ẹ lo ọ̀bẹ tó mú, kí ẹ nù ún láti orí igi kan sí òmíràn. Oje igi náà kì í kúrò lára aṣọ, kò sì gbọdọ̀ ta sí ojú.

Ẹ má rẹ́ ẹ nígbà òjò. Ojú ọgbẹ́ tó tutù ni olú ìjẹrà ń gbà wọlé.

Kòkòrò àti àrùn

Wọ́n máa ń sọ pé nítorí májèlé rẹ̀, kòkòrò kì í jẹ ẹ́. Ìyẹn rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí igi bá dá dúró létí ọ̀nà. Nínú oko ńlá tí òun nìkan wà, wọ́n á wá a rí. Kòkòrò kékeré aláwọ̀ wúrà kan wà tó ń fò péú bí ẹ bá fọwọ́ kan ewé. Ó ń dá ewé lu bí asẹ́, ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ ẹnu gbòǹgbò. Igi tí kò tíì pé ọdún kan lè kú sí i lọ́wọ́. Ẹ fi omi ewé dóńgóyárò tí ẹ fún ọṣẹ díẹ̀ sí fọ́n ọn lówùúrọ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, títí igi á fi lágbára.

Èyí tó ń jẹ owó jù ni kòkòrò alápata dídán tó ń fi ẹnu gún èso tútù. Èso á bọ́ kó tó pọ́n, tàbí kóró inú rẹ̀ á rún, á sì fúyẹ́. Bí ẹ bá fọ́ kóró tó sì jẹ́ pé àwọ̀ pọ́nrán ló kún inú rẹ̀ dípò ẹran funfun, òun ni. Ní kùtùkùtù, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le fún òtútù, ẹ gbọn ẹ̀ka sínú báafù tí omi ọṣẹ wà nínú rẹ̀.

Èbu funfun lórí ewé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í sábà pa á. Ewé tó bá di àbúlà àwọ̀ ewé àti yẹ́lò tó sì ká jọ jẹ́ àmì àrùn fáírọ́ọ̀sì. Ẹ hú irú igi bẹ́ẹ̀, ẹ sun ún, kò sí oògùn.

Ẹ má fọ́n oògùn kankan nígbà tí òdòdó bá ti là. Nínú ìdì kan, òdòdó akọ lè tó ogún sí òdòdó abo kan ṣoṣo, oyin àti kòkòrò mìíràn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú kiri. Bí ẹ bá gbé ilé oyin sínú oko, ẹ á rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lára èso.

Kíkórè àti sísá

Láti òdòdó sí èso pípọ́n jẹ́ nǹkan bí 90 ọjọ́. Lára ìdì kan náà, ẹ ó rí èyí tó tutù, èyí tó pọ́n àti èyí tó gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ṣòro lò fún un, tí iṣẹ́ ìkórè sì fi ń gba ọwọ́ púpọ̀. Ẹ ká èyí tó ti di yẹ́lò tàbí tó ti gbẹ di dúdú. Tútù kò ní òróró tó, omi inú rẹ̀ sì ń ba àwọn yòókù jẹ́. Ẹ máa padà síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì síra. Kí ẹ tó fẹ oko, ẹ kọ́kọ́ wọn iye kóró tí ẹnì kan ká láàárín wákàtí kan, kí ẹ fi owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe ìṣirò rẹ̀. Ibẹ̀ ni èrè sábà máa ń bọ́ sí.

Ẹ bó èso, ẹ sá kóró sórí ẹní tàbí tapólì tó ga kúrò nílẹ̀. Ẹ máa rò ó. Èyí tí ẹ máa gbìn gbọ́dọ̀ gbẹ lábẹ́ òjìji. A fẹ́ kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ wálẹ̀ sí ìdá 6 tàbí 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Láìsí ẹ̀rọ ìwọ̀n, ẹ fi òkúta fọ́ kóró mélòó kan: ẹran inú èyí tó gbẹ á ṣẹ́ pẹ́ẹ́, ti èyí tó tutù á tẹ̀ lábẹ́ èékánná. Ẹ má fi eyín dán an wò.

Inú àpò jute ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ gbé àpò lé orí pákó, kó jìnnà sí ògiri. Kóró tó rin á bu, á gbóná, ọ̀rá inú rẹ̀ á sì máa kan. Òróró kíkan ni olórí ìdí tí báyódíísẹ̀lì fi ń di ọṣẹ nínú àgbá.

Kí ẹ má retí nǹkan kan lọ́dún kìíní. Ọdún kejì, díẹ̀. Láti ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni oko máa ń dé agbára rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, tí ẹ ń tọ́jú, kílò 1 kóró lórí igi kan jẹ́ ohun tí ẹ lè fi ṣe ìṣirò. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1.7 lórí hẹ́kítà nìyẹn. Ẹni tó bá ṣèlérí tọ́ọ̀nù 5 fún yín láìsí omi àti ajílẹ̀, ẹ má fún un lówó.

Fífún òróró

Ẹ̀rọ olówọ̀ọ́ tí a fi ọwọ́ tẹ̀ ń gba nǹkan bí ìdá 60 sí 65 nínú òróró tó wà nínú kóró. Èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí, tó ní irin lílọ́ (screw), ń gba 75 sí 80. Kílò 4 kóró á fúnni ní bíi lítà 1. Ẹ má bó gbogbo èèpo dúdú ara kóró kúrò. Ẹ̀rọ nílò rẹ̀ kó tó rí nǹkan dì mú. Bí kóró bá tutù jù, ìṣẹ́kù á rọ̀ bí ẹ̀kọ, òróró á kéré. Bí ó bá gbẹ jù, yóò dí ẹnu ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí òróró náà silẹ̀ fún ọjọ́ méje nínú àgbá tó dé, ẹ rọra gbọ́n èyí tó mọ́ lórí, ẹ fi aṣọ tó nípọn sẹ́ ẹ. Ẹ má rọ ọ́ báyìí sínú ẹ́ńjìnnì dísù ti òde òní. Ó ki ju dísù lọ ní bíi ìlọ́po mẹ́wàá, yóò sì dí ẹnu ìfọ́npo rẹ̀.

Sísọ ọ́ di báyódíísẹ̀lì

Ẹ kọ́kọ́ dán lítà kan wò kí ẹ tó ṣe àgbá kan. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, láìsí iná tó ń jó nítòsí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú. Methanol, irú ọtí olóró tí a ó lò, ń gba ara wọlé, ó ń fọ́ ojú, iná rẹ̀ kì í sì í hàn lọ́sàn-án.

Ẹ gbé òróró kaná, kó jìnnà sí methanol, títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ kán díẹ̀ sórí irin gbígbóná: tí kò bá ta pàrà-pàrà mọ́, ó ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó wọn kíkan rẹ̀. Ẹ po gíráàmù 1 kọ́sítíìkì sódà mọ́ lítà 1 omi tó mọ́. Ẹ bu mìlílítà 1 òróró sínú mìlílítà 10 isopropyl alcohol, kí ẹ kán phenolphthalein, omi tó ń fi àwọ̀ hàn bí nǹkan ṣe kan sí, sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa kán omi sódà náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí kò sì ní parẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Iye mìlílítà tí ẹ lò ni kí ẹ fi kún 3.5. Àpapọ̀ rẹ̀ ni gíráàmù kọ́sítíìkì sódà tí lítà òróró kan nílò. Bí iye tí ẹ lò bá ju mìlílítà 3 lọ, òróró náà ti kan jù. Ẹ fi èyí tó sàn jù là á, tàbí kí ẹ gbé e fún ẹni tó ní ohun èlò láti kọ́kọ́ fi ásíìdì ṣe é.

Ẹ da iye kọ́sítíìkì sódà gbígbẹ tí ẹ ṣírò yẹn díẹ̀díẹ̀ sínú mìlílítà 200 methanol fún lítà òróró kan, ẹ dé e, ẹ rò ó títí yóò fi yọ́ tán. Ẹ mú òróró gbóná dé 55 sí 60°C, kó má kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí pé methanol ń hó ní nǹkan bí 65. Ẹ da àdàlù náà sínú rẹ̀, ẹ rò ó fún wákàtí kan nínú ohun èlò tó dé. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ mọ́jú. Gílísẹ́rìnì dúdú á wà nísàlẹ̀, epo yẹ́lò á wà lókè. Ẹ fa ti ìsàlẹ̀ kúrò.

Ẹ mú mìlílítà 3 epo náà, ẹ dà á sínú mìlílítà 27 methanol ní ìgbóná bíi 20°C, ẹ mì í, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá mọ́ gaara, ó ti parí. Bí òróró bá rì sísàlẹ̀, kò tíì yí padà tán. Sódà tàbí methanol ló kéré, tàbí pé ẹ kò rò ó tó.

Fífọ̀ rẹ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta epo, ẹ rọra dà á sí i láìmì í, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ fa omi náà kúrò. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí títí omi á fi mọ́. Ẹ má sáré mì í nígbà àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò di funfun bí wàrà, yóò sì gba ọjọ́ púpọ̀ kó tó yà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un gbóná díẹ̀ kí omi tó kù fẹ́ lọ.

Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àgbá tó kún, tó dé, tí oòrùn kò kàn, kí ẹ lò ó láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ mọ́ dísù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo ìwé ẹ́ńjìnnì yín. Báyódíísẹ̀lì máa ń fọ ìdọ̀tí àtijọ́ inú táńkì wálẹ̀, nítorí náà kí fílítà tuntun wà nítòsí, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn táńkì kìíní tàbí ìkejì. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ní ọ̀pá rọ́bà gidi á nílò èyí tí báyódíísẹ̀lì kì í jẹ.